Sàlàkọ́ Tó Ń Gé Ìyẹ́ Odídẹrẹ́

Ní gbogbo Àpápá, ẹni tí odídẹrẹ́ rẹ̀ bá ti hu ìyẹ́ tuntun, tó fẹ́ máa fò kọjá fẹ́ǹsì, Sàlàkọ́ ni wọ́n á ní kó lọ pè. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Agolo bísíkíìtì kan ló ní. Àlùmọ́gàjí méjì ló wà nínú rẹ̀, àti fáìlì kékeré tó fi ń dán èékánná, àti táwẹ̀lì pupa kan tó ti ṣá. Yóò gbé agolo náà sábẹ́ apá láti Ajégúnlẹ̀, yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àpápá, yóò sì máa ti géètì kan bọ́ sí òmíràn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yìí! Háà! Odídẹrẹ́ tó ti bu gbogbo ará ilé jẹ, tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi ń ti oúnjẹ sí i, tí Sàlàkọ́ bá ti da táwẹ̀lì bò ó, tó fi ìka méjì mú un lọ́rùn láìfún un, kíá ló máa dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Yóò wá na apá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, yóò máa wo ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé òkè. Ìyẹ́ tuntun máa ń ní ẹ̀jẹ̀ nínú igi rẹ̀. Tí aláìmọ̀kan bá gé irú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Sàlàkọ́ máa ń dá méjì tó gùn jù sí, kí ẹyẹ lè rẹwà tó bá pa apá dé, á wá gé mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, apá ọ̀tún bíi ti òsì, torí ẹyẹ tí wọ́n gé apá rẹ̀ kan ṣoṣo, yíyí ni yóò máa yí títí àyà rẹ̀ yóò fi lu ilẹ̀. Àwọn kúkúrú tó wà nítòsí ara ńkọ́? Kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn gígùn ló ń ti ẹyẹ síwájú, àmọ́ àwọn kúkúrú wọ̀nyẹn ló ń gbé e dúró lókè, tó ń jẹ́ kó rọra balẹ̀. Baba arúgbó ọlọ́kọ̀ ojú omi tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ní Marine Beach ti kìlọ̀ fún un pé, "Má gé ibẹ̀ láé. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ẹ̀ wà."

Baba yìí kan náà ló fún un ní odídẹrẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó gbà á, kò tíì níyẹ̀ẹ́ lára, ó rí jàgájàgá bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Sàlàkọ́ ń fi ṣíbí tíì fún un ní ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ó ń gbé e sùn nínú fìlà rẹ̀. Eku bu ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kan jẹ nígbà tó ṣì kéré, Sàlàkọ́ sì jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ìyẹ́ wá yọ lára rẹ̀, tó dà bí eérú inú ààrò, tí ìrù rẹ̀ pọ́n bí iná tó wà lábẹ́ eérú yẹn, ó sọ ọ́ ní Eérú. Tó bá fé súfèé fíì-fíí, ẹ̀ẹ̀mejì péré, Eérú á ti rìn gba orí tábìlì wá, á tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè họ ọ́ lẹ́yìn ọrùn.

Ohun tó máa ń yani lẹ́nu nípa odídẹrẹ́ ni pé kì í gba ẹ̀kọ́ tí ẹ bá jókòó kọ́ ọ. Ohun tí ẹ bá ń fi agbára sọ lójoojúmọ́ ló máa ń gbé. Oṣù méjì gbáko ni Sàlàkọ́ fi kọ́ Eérú ní "Àsàláámù àléékùn." Ẹyẹ náà kàn ń wò ó ni. Kí ló wá gbé? Tí Sàlàkọ́ bá dé láti ibi iṣẹ́, kó tó bọ́ bàtà, yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì ké pe ìyàwó rẹ̀: "Nusirat! Omi dà?" Eérú gbé e lódindi, àti ikọ́, àti ohùn, àti bó ṣe ń fa "dà" yẹn tìbínútìbínú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ó di "Nusirat! Omi dà?" Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "Nusirat! Omi dà?" Nusirat á dìde nídìí aṣọ tó ń fọ̀, á gbé omi wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, á sì bá ẹyẹ nìkan nínú yàrá.

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe àwọn ará ilé jọ kí wọ́n wá gbọ́. Chibuike, fọ́kanáísà tó wà ní yàrá kejì, ọmọ Íbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, ló rẹ́rìn-ín jù.

"Mama Tinú, you don get two husband o! Èwo lẹ máa kọ́kọ́ dá lóhùn?"

Nusirat kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Tinú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn."

"Ta ló kọ́ ọ? Ẹyẹ ló gbọ́n."

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyá Sàlàkọ́ kú ní Ìsẹ́yìn. Ó lọ sìnkú, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó dé, ilẹ̀kùn àgò ẹyẹ ṣí sílẹ̀, kò sí Eérú. Nusirat ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Ó fò lọ. Mo ṣí i láti fún un lómi, ó gba ojú fèrèsé jáde."

"Fò? Pẹ̀lú ìyẹ́ tí èmi gé?"

"Bóyá ẹ ò gé e dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ọjọ́ méjì ṣáájú kó tó rìnrìn àjò ló gé ìyẹ́ náà! Ó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ kà á! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Chibuike ti bẹ̀rẹ̀.

"Baba Tinú! Onígbàjámọ̀ tí orí ọmọ ẹ̀ kún bí igbó! Ẹ gé ti gbogbo ayé, tiyín wá fò lọ sí Kùtọnu!"

Àwàdà ni Chibuike pè é, ṣùgbọ́n àwàdà náà wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó dé Àpápá. Mégáàdì kan sọ ọ́ fún mégáàdì kejì, ọmọ ọ̀dọ̀ gbé e wọlé fún màdáámù. Kí ọdún náà tó parí, ogún ilé tí Sàlàkọ́ ń lọ ti ṣẹ́kù méje. Ó wá ń gbálẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí láàárọ̀ kó lè rí nǹkan fi kún un. Ẹni tó bá sì ti mẹ́nu bà á, kíá ló máa ní, "Kì í ṣe àlùmọ́gàjí mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ mọ́. Ó máa ń jókòó ní fàráńdà, á máa ka ìka rẹ̀ ní mẹ́fà, á tún un kà, bí ẹni pé ìyẹ́ tí ó gé ní ọdún yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù Kejìlá tó kọjá ni ìpè kan wọlé. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Dinah lorúkọ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Àpápá láti Sùúrùlérè. Ẹni tó ń bá wọn gé ìyẹ́ ẹyẹ wọn tẹ́lẹ̀ ti japa. Inú Sàlàkọ́ dùn débi pé ó fọ táwẹ̀lì pupa náà, ó lọ̀ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Baba. Ẹ wọlé, ẹ wọlé." Dinah ti múra láti lọ sí kíláàsì akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan. "Ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un o, ó mọ jíjẹ."

"Kò séwu, Madam. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Dinah bú sẹ́rìn-ín. "Baba, ẹ má bá mi wí o. Nusirat ni. Orúkọ tó ń pè látọjọ́ tá a ti rà á nìyẹn, a wá kúkú fi sọ ọ́. Ọdún kẹfà rèé. Obìnrin kan ló gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ní Ijora Badia, lẹ́bàá ojú irin, ó fi híjáàbù bo apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́ láyé."

Kí Sàlàkọ́ tó dáhùn, ẹnì kan húkọ́ nínú bálíkónì.

"Nusirat! Omi dà?"

Agolo bísíkíìtì fẹ́ bọ́ lábẹ́ apá rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ ni. Kò sí ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìta báyìí, láti ẹnu ẹlòmíràn, ó dà bí ohùn ẹni tó ń lé ajá kúrò nídìí ìkòkò.

Dinah ti rí bàtà rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ? A máa ń sọ nínú ilé yìí pé ẹni tó ni ohùn yẹn, ìyàwó ẹ̀ rí nǹkan. Ọkọ mi máa ń fi sín mi jẹ: 'Dinah! Omi dà?' Màá ní kó lọ pọn ọ́n fúnra ẹ̀."

Sàlàkọ́ rìn dé ìdí àgò náà. Ìka kan kò sí ní ẹsẹ̀ òsì ẹyẹ. Ó fé súfèé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fíì-fíí. Odídẹrẹ́ tó mọ jíjẹ yìí fi ẹnu àti ẹsẹ̀ gun irin àgò wá, ó tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró de ìka.

"Ah-ah! Baba, ẹ l'óògùn ni?" ni Dinah wí.

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Pé ìyàwó mi lobìnrin oníhíjáàbù yẹn? Pé èmi ni mo ni ohùn tí ẹ fi ń ṣàwàdà? Ó na apá ẹyẹ sí ìmọ́lẹ̀. Ìyẹ́ tó ti gbó dáadáa ni gbogbo wọn, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú wọn. Ó ní, "Madam, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì." Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Nusirat ń ká aṣọ nígbà tó wọlé. Kò bọ́ bàtà. Kò pe omi.

"Mo rí Eérú lónìí."

Ọwọ́ Nusirat dúró lórí aṣọ, ó tún ń ká a lọ.

"Ta ló tà á?"

"Èmi ni."

"O tà á! O wá ní n ò gé e dáadáa! Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Nusirat, ó ń ṣojú ẹ!"

"Ó ń ṣojú mi." Ó gbé aṣọ kejì. "Ṣé ó ṣì ń sọ ọ́?"

"Kí ló ń sọ?"

"Bàbá Tinú, ẹ mọ ohun tó ń sọ."

Sàlàkọ́ gbé agolo bísíkíìtì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn, mo ní màá sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ lọ o, ohùn yín ò bá yín lọ. Mo wà ní balùwẹ̀, ó ń pè mí. Mo ń kírun, ó ń pè mí, mo já ìrun, mo ti dìde kí n tó rántí pé ẹ ò sí nílé. Ìgbà tí mo já ìrun lẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lónìí, àbí? Ṣé ó dùn létí yín?"

"O lè bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo bá yín sọ ọ́. Ẹ pe Chibuike, ẹ jọ rẹ́rìn-ín."

Ká ní ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dé inú ni, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló ń ro, ilé mẹ́tàlá tó já a jù sílẹ̀ ló ń ro, àti ẹ̀rín Chibuike. Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ gba ẹyẹ rẹ̀ padà. Ó fẹ́ kí ẹyẹ náà fi apá ara rẹ̀ fò wá sílé lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo ojúlé rí i, kí ó bà lé fàráńdà, kí ẹnu wọn pa mọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó padà lọ. Dinah dúró tì í, fóònù lọ́wọ́. Sàlàkọ́ da táwẹ̀lì bo Eérú, ẹyẹ náà sì farabalẹ̀ sí i lọ́wọ́ bíi ti ìgbà inú fìlà. Tí kò bá gé nǹkan kan, obìnrin yìí á rí i pé ìyẹ́ kò sí nílẹ̀. Tó bá gé àwọn gígùn, ẹyẹ kò ní lè kúrò níbẹ̀. Ó wá fi àlùmọ́gàjí sí ibi tí baba arúgbó ní kó má gé láé. Ó gé àwọn kúkúrú, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, wọ́n ń já bọ́ sórí táìlì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn gígùn á tó o. Ajégúnlẹ̀ kò kúkú jìnnà.

"O mọ ilé," ló sọ sí i létí.

"Ó ti tán?" ni Dinah bi í.

"Ó ti tán, Madam."

Ó délé, ó gbé àgò àtijọ́ sí fàráńdà, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó kó ẹyìn pupa sínú rẹ̀. Nusirat wo àgò náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé ni Dinah pè. Ẹkún ló ń sun.

"Baba, ó ti lọ o! A gbé e sí bálíkónì bá a ṣe máa ń ṣe, ó na apá, ó lọ! Ẹ ní ẹ gé e!"

"Mo gé e, Madam."

"Mégáàdì ti sọ fún mi pé tiyín náà fò lọ. Èmi ni mi ò gbọ́!" Ó pa fóònù.

Sàlàkọ́ jáde sí fàráńdà. Ó ń wo òkè títí ọrùn fi ń ro ó. Àṣá méjì ń yí lókè páànù, kò sí Eérú. Sátidé kọjá, Sọ́ńdè kọjá. Ẹyìn inú àgò ń gbẹ, èèrà ti bò ó.

Mọ́ńdè, lọ́wọ́ ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún. Chibuike ni. Creek Road ló ti máa ń lẹ táyà tírélà.

"Baba Tinú! Ẹ sáré wá o! Odídẹrẹ́ kan wà lórí wẹ́ẹ̀háòsì níbí, ó ń pe Mama Tinú! Na your voice e take dey call am! Àwọn dírẹ́bà ń kú sẹ́rìn-ín!"

Sàlàkọ́ ti ń wá bàtà. Nusirat bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ìgò omi kan sí i.

"Ẹ mú un dání. Ọjọ́ kẹta rèé. Òùngbẹ á ti gbẹ ẹ́."

Creek Road kún fọ́fọ́. Tírélà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lápá kan, lápá kejì wọ́n ń sáré lọ pẹ̀lú kọ̀nténà lẹ́yìn. Lókè wẹ́ẹ̀háòsì, létí páànù, Eérú dúró. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Nusirat! Omi dà?"

"Nusirat, gbé omi fún ọ̀gá o!" Àwọn dírẹ́bà ń ké, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Chibuike ń fọwọ́ di ikùn mú.

Sàlàkọ́ dúró sí òdìkejì títì. Ó gbé ìgò omi sókè. Ó fé súfèé, fíì-fíí. Ẹyẹ náà yí orí. Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, ó gbọ́ ọ! Ó tún fé e. Eérú tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ó na apá, ó fò.

Ó ń bọ̀! Tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀! Sàlàkọ́ kò mọ̀ pé òun ń pariwo: "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó o! Ó ń bọ̀ wá bá mi!" Ìyẹ́ gígùn ń tì í síwájú gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gbé e dúró. Bó ṣe ń bọ̀ ló ń wálẹ̀, ó ń lu apá, ó ń lu apá, ó ń wálẹ̀ sí i. Ó ku bí ìwọ̀n ilẹ̀kùn méjì kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó já lulẹ̀ sáàárín títì. Tírélà tó ń bọ̀ kò rí i. Ta ni yóò rí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Chibuike ló dá ọkọ̀ dúró fún un kó lè ráyè wọ àárín títì. Apá kan ṣoṣo ni kò bàjẹ́, ó ṣí sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Ojú ibi tí wọ́n ti gé àwọn kúkúrú yẹn hàn kedere, mẹ́fà, ó mọ́, ó gún. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Àpápá tó lè gé irú ẹ̀.

Chibuike bẹ̀rẹ̀ tì í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Baba, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó wo apá náà, ó tún un wò. Ọdún tó ti gbé tì Sàlàkọ́ ti tó fún un láti mọ ibi tí wọ́n kì í gé. "Ta ló gé e báyìí? Ta ni wèrè yẹn?"

"Èmi ni," ni Sàlàkọ́ wí.

Ó fi táwẹ̀lì pupa wé e wá sílé. Nusirat dìde nígbà tó wọlé. Ó wo táwẹ̀lì, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ kejì, tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Kò mu ún?"

"Kò mu ún."

Sàlàkọ́ jókòó tòun ti bàtà. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Nusirat dúró síbẹ̀, ó ń wò ó lẹ́nu, bó ṣe ti ń dúró láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ikọ́ tó máa ń ṣáájú ìpè omi yẹn yọ sí Sàlàkọ́ ní ọ̀fun. Ó gbé e mì.